Ẹyin Ìyá Bọ̀sẹ̀ àti Nọ́ńbà Tó Jókòó Sódì

Ilé wa ní Ìbà,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Ásárì.

Náfísá ọmọ mi, Àníkẹ́ ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. Ó ti lé ní oṣù kan tí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé, "Má sunkún mọ́, màá kọ lẹ́tà sí ọ," tí o sì ń retí lẹ́tà títí. Ìyá rẹ ní o bi òun bóyá mo ti gbàgbé, òun sì dá ọ lóhùn pé bàbá rẹ kì í gbàgbé nǹkan kan àfi ibi tó bá fi awò ojú rẹ̀ sí. N kò gbàgbé. Ohun kan ni mo ń dúró dè, n kò sì fẹ́ kọ lẹ́tà kí ohun náà tó fojú hàn. Wàá bá a níwájú. Má fò lọ sí ìparí o, torí mo mọ̀ ọ́. Bí o ṣe máa ń ṣe sí ìwé ìtàn nìyẹn láti ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó wà lókè ọkàn mi: mò ń fi ọ́ yangàn. Kò sí ẹni tí n kò tíì ròyìn rẹ fún ní ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ní Alábà. Mo sọ fún àwọn tó ń ta wáyà, mo sọ fún Ègùn tó ń kó ẹrù wa lọ sí Bàdágírì, mo sọ fún lèmọ́mù lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ìkẹ́, tó ń ta àlòkù páńẹ́lì, ìyẹn ọpọlọ inú ẹ̀rọ, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ti ní ọ̀rọ̀ náà tó gẹ́ẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá Shakiru, we don hear. Your pikin talk true. Na seven times you don tell us." Mo dá a lóhùn pé ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ ń bọ̀ lọ́la.

Jẹ́ kí n tún ohun tó ṣẹlẹ̀ sọ bí o ṣe sọ ọ́ fún mi, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Oṣù kejì rẹ nìyẹn ní ilé iṣẹ́ tuntun yìí ní Ìbàdàn, wọn kò sì tíì sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi. Wọ́n ní kí o kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yóò fi máa ka iye tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fi ránṣẹ́ láti inú táǹkì omi ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí omi bá fẹ́ tán. O kọ ọ́. O dán an wò, ó ṣiṣẹ́, ọ̀gá rẹ fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mẹ́ta. Àmọ́ táǹkì òfìfo lo fi dán an wò. Ẹ̀rọ sọ pé òdo, kọ̀ǹpútà náà sọ pé òdo, gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọkàn rẹ kò balẹ̀, o pọn omi sí táǹkì náà dé ìdajì, kọ̀ǹpútà wá sọ pé omi tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ tó ọ̀sà.

O mọ ohun tó fà á lójú ẹsẹ̀. Apá kékeré nínú nọ́ńbà ni ẹ̀rọ inú táǹkì ń fi ṣáájú, ìwọ sì ti sọ fún kọ̀ǹpútà pé apá ńlá ló ń ṣáájú. Kò sí ẹni tó rí i. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, àwọn èèyàn ti ń múra ilé. O lè pa ẹnu rẹ mọ́ kí o tún un ṣe ní ọjọ́ Ajé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Jímọ̀ títí di ọjọ́ Ajé, ilé ìwòsàn mẹ́ta yóò máa rò pé omi àwọn pọ̀. O wọlé tọ ọ̀gá rẹ lọ, o ní, "Mà, èmi ni mo ṣe é, ó sì ti wà níta." Ó wò ọ́, ó ní kí o máa lọ sílé, ẹ ó sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí o ṣe pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìyẹn, tí o ní, "Bàbá mi, iṣẹ́ yẹn ti lọ."

A ti mọ̀ báyìí pé iṣẹ́ náà kò lọ. Wọ́n ti ní kí ìwọ náà máa yẹ iṣẹ́ àwọn yòókù wò kó tó jáde. Ṣùgbọ́n Náfísá, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ká ní wọ́n lé ọ, bí mo ṣe ń yangàn yìí náà ni ǹ bá ṣe máa yangàn. Ohun tí n kò lè sọ fún ọ lórí fóònù ni pé èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe yìí gan-an rí. Ìwọ sọ tìrẹ láàárín ọjọ́ kan. Èmi fi tèmi pamọ́ láti ìgbà tí o ṣì ń rá nílẹ̀.

Ìyá rẹ nìkan ló mọ̀ nípa rẹ̀, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n tán. Jókòó kí o gbọ́.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù ni. Ọ̀gá mi ti súre fún mi, mo ti gba ṣọ́ọ̀bù tèmi, mo sì ti kọ "Ẹnjiníà Ṣàkírù" sí ara pátákó lọ́dà pupa. Orí mi wú. Bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní Ṣàkírù lásán nígbà náà, n kì í dáhùn.

Obìnrin kan wà ní Igbó-Elérin tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ̀sẹ̀. Apá Ọ̀yọ́ ló ti wá, ìjọ aláṣọ funfun ló ń lọ, ó sì jẹ́ ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ọlọ́wọ́ tútù. Bí wọ́n bá bímọ ní òpópónà yẹn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ń lọ kàn kó lè wá wẹ ọmọ náà. Wọ́n ní ọmọ tó bá wẹ̀ kì í ké. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni kó máa fi ẹyin pa òròmọdìyẹ tà fún àwọn tó ń sin adìyẹ. Ó ra íńkúbétọ̀ tòkunbọ̀ kan, àpótí ńlá tí ń ṣe iṣẹ́ adìyẹ tó bá sàba lé ẹyin, ó sì ṣètò kíréètì ẹyin mẹ́wàá dè é. Nígbà tó tan ẹ̀rọ náà, kò ṣiṣẹ́. Orí páńẹ́lì tó ń ṣàkóso ooru rẹ̀ ti pa rẹ́, kò rántí iye ooru tó yẹ kó mú mọ́. Wọ́n ní kó wá mi wá.

Bí a ṣe ń ṣe é ní Alábà nígbà náà, kí n má sì purọ́, bí a ṣe ń ṣe é títí di òní, ni pé bí páńẹ́lì kan bá gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, a ó wá òkú ẹ̀rọ mìíràn tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, a ó ka àwọn nọ́ńbà tó wà ní orí tirẹ̀, a ó sì kọ wọ́n sínú ti oníbàárà. Mo lọ bá Ìkẹ́. Ó yọ páńẹ́lì íńkúbétọ̀ kan fún mi láti inú òkìtì rẹ̀. Bó ṣe ń nà án sí mi, ó ní, "Ọ̀gá Shakiru, this one no be the same company o. Ask before you copy am." Mo fi ọwọ́ gbá ọ̀rọ̀ náà dànù. Mo ní, "Heat na heat."

Mo ka nọ́ńbà ọ̀hún, mo kọ ọ́ bó ṣe wà. Mo gbé páńẹ́lì lọ sí Igbó-Elérin, mo so ó, mo tan iná. Mo ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń móoru. Mo ní, "Màmá, ó ti parí." Mo kó irinṣẹ́ mi, mo sì jáde, torí iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè mí ní Alábà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló wá mi wá sí Alábà. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Ẹnjiníà, ẹ bá mi ká lọ." Láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ni mo ti gbóòórùn ẹyin sísè. Ó mú ẹyin kan, ó fọ́ ọ lójú mi sínú àwo. Ó ti sè, ó le gbagidi bí èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ pẹ̀lú ata. Ọ̀ọ́dúnrún ẹyin ni, gbogbo rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀. Iná ẹ̀rọ náà ṣì ń jó, kò paná rárá.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. N kò mọ bó ṣe jẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Obìnrin yìí wojú mi, ó ní, "Kí ló fà á?" Náfísá, ìgbà tí mo la ẹnu mi, ohun tó jáde ni pé, "Màmá, ó jọ pé ẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ jù. Ọwọ́ yín ti pọ̀ jù nínú ẹ̀." Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ẹnjiníà. Ó gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

N kò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ torí pé o gbọ́ èyí lẹ́nu bàbá rẹ. Ó yẹ kí o gbọ́ ọ.

Ní Iléyá èṣí, o jókòó pẹ̀lú mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, mo ní kí o ṣàlàyé iṣẹ́ tí o kọ́ ní yunifásítì fún mi bí ẹni pé ọmọ kékeré ni mí. O wo ẹ̀gbẹ́, o rí kíréètì ẹyin tí ìyá rẹ gbé sílẹ̀. O ní, "Bàbá mi, ẹ wò ó. Kíréètì kan ń gba ọgbọ̀n. Bí mo bá ní kíréètì méjì tó kún, tí ẹyin márùn-ún sì ṣẹ́kù, ó di márùndínláàádọ́rin. Mo wá kọ 2, mo kọ 5 sára bébà. Bí ẹni tó gba bébà náà bá rò pé ẹyin tó ṣẹ́kù ni mo kọ́kọ́ kọ, á ka kíréètì márùn-ún àti ẹyin méjì. Á ní ẹyin méjìléláàádọ́jọ." O ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kọ̀ǹpútà ń tọ́jú nọ́ńbà tó bá pọ̀: ó ń pín in sí ilé ńlá àti ilé kékeré. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń kọ ilé ńlá ṣáájú, àwọn mìíràn ń kọ ilé kékeré ṣáájú.

O rántí pé mo dìde lójijì? O rò pé mo fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá. Ẹ̀yìn ilé ni mo lọ dúró sí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rọ náà ń ka ooru ní ìdámẹ́wàá ìdámẹ́wàá, nítorí náà ooru mẹ́tàdínlógójì àbọ̀ tí ẹyin ń fẹ́, 375 ni wọ́n ń kọ ọ́. Nínú kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan nínú ilé ńlá tó 256. Torí náà, 375 jẹ́ ọ̀kan nínú ilé ńlá àti 119 nínú ilé kékeré. Ilé iṣẹ́ tó ṣe òkú páńẹ́lì Ìkẹ́ ń kọ ilé kékeré ṣáájú. Ti Ìyá Bọ̀sẹ̀ ń ka ilé ńlá ṣáájú. 119 wá lọ jókòó sí ilé ńlá, ọ̀kan jókòó sí ilé kékeré. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn ilé lórí fóònù mi: 30,465. Mo sọ fún àpótí ẹyin pé kó gbóná dé ẹgbẹ̀ẹ́dógún ó lé mẹ́rìndínláàádọ́ta àbọ̀, kó tó paná. Irin kò lè gbóná tó bẹ́ẹ̀ kó má yọ́. Báwo ni ìbá ṣe paná?

Mo mọ̀ ọ́n láti Iléyá èṣí, n kò sì lọ bá a. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti pẹ́, pé ó ti gbàgbé. Ìgbà tí o pè mí ní ọjọ́ Àìkú yẹn ni ojú tì mí. Ọmọ tí mo bí sọ ti ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, nígbà tó mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ti lé ní ogún ọdún dáadáa, òtítọ́ sì bá a lórí fóònù láti Ìbàdàn.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, gba àwọn ìmọ̀ràn yìí. Mo sanwó fún wọn, ìwọ gbà wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkíní. Kí o tó ka ohun tí ẹlòmíràn kọ, béèrè apá tó fi ṣáájú. Màmá mi àgbà, bí ó bá ń ka ewúrẹ́ rẹ̀, á ní mẹ́tàlélógún: ẹ̀ta ló kọ́kọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ kí ogún tó tẹ̀lé e. Òyìnbó á gbé ogún ṣáájú ẹ̀ta. Ewúrẹ́ kan náà ni, kò sì sí aláìmọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìkẹ́ ní kí n béèrè, mo rò pé àbùkù ni. Bí o bá dé àárín àwọn èèyàn tuntun ní Ìbàdàn, má rò pé ẹni tó ṣe nǹkan ní ọ̀nà mìíràn kò mọ̀ ọ́n ṣe. Béèrè ná.

Èkejì. Má fi òdo dán nǹkan wò mọ́ láyé rẹ. Òdo kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn, bí o bá yí i padà lọ́nà mẹ́wàá, òdo náà ni. Fi nọ́ńbà tí yóò tú ọ fó dán an wò bó bá jẹ́ pé o ṣì í. Ẹ jẹ́ kí 375 máa wà lára àwọn tí ẹ ń lò níbẹ̀, kí orúkọ bàbá rẹ wọ ilé iṣẹ́ náà bákan ṣá. Mo sì gbọ́ pé ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó máa ń gbé ọ lọ sílé láti ibi iṣẹ́. Ìyá rẹ ló sọ fún mi, má bá a jà. Ọ̀rọ̀ mi lórí rẹ̀ kò ju pé kí o má fi táǹkì òfìfo dán òun náà wò. Ọjọ́ tí ohun gbogbo bá dùn, gbogbo ọkùnrin ló dára. Dúró de ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì bá ṣe àṣìṣe, kí o wo ẹni tó máa sọ pé òun ni.

Ẹ̀kẹta, èyí ló sì dùn mí jù: ẹ̀rọ tó tàn kò tíì dára. Dúró kó paná. Ká ní mo jókòó wákàtí méjì péré ní Igbó-Elérin lọ́jọ́ náà, ǹ bá ti rí i pé iná náà kò fẹ́ kú. Ìkánjú àtilọ ṣe iṣẹ́ mìíràn ló ba èyí jẹ́. Ìwọ padà lọ pọn omi sí táǹkì tí ọ̀gá ti fọwọ́ sí. Ta ló kọ́ ọ níyẹn? Kì í ṣe èmi. Ó ní láti jẹ́ ìyá rẹ, tó máa ń padà lọ wo ilẹ̀kùn tó ti tì.

Kọ nǹkan sílẹ̀. N kò rántí iye tí mo ti kà dé mọ́. Lónìí, mo máa ń lẹ bébà mọ́ gbogbo páńẹ́lì tó bá kúrò lọ́wọ́ mi, mo sì máa ń kọ apá tó ṣáájú sí i. Ìkẹ́ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní mo ti di akọ̀wé kóòtù. Kò burú. Ẹni tó bá tú ẹ̀rọ náà lẹ́yìn mi kò ní máa méfò.

Èyí tó kù, ìwọ lo fi kọ́ mi, n kò lè máa kọ́ ọ ní ohun tí mo ti ọwọ́ rẹ gbà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé ìpè rẹ, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Òkokomáìkò, mo sọ̀ ní Igbó-Elérin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọjá níwájú ilé náà. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ti darúgbó, ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó jókòó sábẹ́ òrùlé, ó ń ṣa ẹ̀gúsí. Ọmọ rẹ̀, Bọ̀sẹ̀, tó wá bímọ sílé, wà nínú yàrá, mo sì ń gbọ́ igbe ọmọ tuntun. Ìyá Bọ̀sẹ̀ dá mi mọ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, ọjọ́ kan pẹ̀lú." Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí ni mo ń kúnlẹ̀ ṣe. Mo sọ ọ́.

Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí páńẹ́lì Ìkẹ́ dé orí irọ́ ilẹ̀kùn. Ó ń ṣa ẹ̀gúsí lọ. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Ó ní, "Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

Ó ní, "Kì í ṣe ọwọ́ mi."

Mo ní, "Kì í ṣe ọwọ́ yín, Màmá. Ọwọ́ yín ò ṣe nǹkan kan."

Ìgbà yẹn ló wá sọ ohun tí n kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ, ó sì di ọ̀rọ̀ náà mú ṣinṣin. Ó ní ọwọ́ ìyàwó òun kò tutù mọ́, ọwọ́ náà ló se ẹyin jinná. Àwọn ará àdúgbò gbọ́. Kò sin adìyẹ kan mọ́ láti ọjọ́ náà. Kò wẹ ọmọ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Bọ̀sẹ̀ ti bí ọmọ mẹ́ta báyìí, kò wẹ ìkankan nínú wọn. Ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

Náfísá, mo rò pé ẹyin nìkan ni mo bà jẹ́.

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló dìde. Ó ní, "Ẹ jáde nílé mi." Mo jáde. N kò bínú sí i. Ìyá rẹ ní kí n má padà lọ títí wọn ó fi ránṣẹ́ pè mí, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún yìí.

Ọjọ́ kẹta ni Bọ̀sẹ̀ pè mí. Ó ní ìyá òun ní kí n wá wo ẹ̀rọ òun. Àpótí náà ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé, wọ́n ń kó èédú sínú rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́ fún odidi ọjọ́ kan. Mo pààrọ̀ ohun tó ti dípẹtà. Nígbà tó kan nọ́ńbà, mo wá ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ ọ́: ọ̀kan ṣáájú, 119 tẹ̀lé e. Mo tan iná. Mo jókòó tì í lórí àpótí ìjókòó kékeré kan. Ìyá Bọ̀sẹ̀ náà gbé àga rẹ̀ wá, kò bá mi sọ̀rọ̀. Iná náà jó, ó sì kú fúnra rẹ̀. Ó tún jó, ó tún kú. Nígbà tó kú lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Kíréètì kan ló rà. Mo ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ẹyin náà sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kí Bọ̀sẹ̀ tò ó. Mo ní mi ò ní tan iná àfi tó bá jẹ́ òun. Ó tò ó, ọgbọ̀n ẹyin, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo ń dúró dè nìyẹn. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ẹyin fi ń pa, n kò sì lè sọ fún ọ pé òtítọ́ dára kí n tó rí i bóyá òròmọdìyẹ á jáde. Mò ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láti wo ooru rẹ̀. Ìyá rẹ ní bí mo ṣe ń lọ síbẹ̀ yìí, òun náà yóò wọ inú íńkúbétọ̀ kí n lè máa wo òun.

Àná ni ó pé. Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, mo ti ń gbọ́ igbe wọn láti ẹnu ọ̀nà. Mẹ́tàlélógún ló pa nínú ọgbọ̀n. Ìyá Bọ̀sẹ̀ kó wọn sínú páálí, ó sì dúró tì wọ́n, kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Nínú yàrá, ọmọ Bọ̀sẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Obìnrin tó máa ń wá wẹ̀ ẹ́ kò tíì dé. Ìyá Bọ̀sẹ̀ wo páálí náà, ó wo ẹnu ọ̀nà yàrá, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Bọ̀sẹ̀, gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wá, kí o sì gbé ọmọ mi fún mi."

Mo dúró níta. Mo gbọ́ ìró omi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọ náà dákẹ́.

Ohun tí o ṣe ní Ìbàdàn nìyẹn, Àníkẹ́. O rò pé ọ̀rọ̀ táǹkì omi ni. Ká ní o ti dákẹ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ni, èmi náà ìbá dákẹ́ wọ inú sàréè. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹnu rẹ wúwo láti sọ òtítọ́, kó sì jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa tutù lórí ohun gbogbo tí o bá dáwọ́ lé. Jẹun lásìkò. Pe ìyá rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìyá Bọ̀sẹ̀ ní kí n kí ọ. Mo ti sọ fún un pé ìwọ lo kọ́ mi ní ibi tí 119 yẹ kó jókòó sí. Ó ní òun kò mọ nọ́ńbà, ṣùgbọ́n kí n bi ọ́ léèrè ìgbà tí o máa bímọ, torí òun fúnra òun ni yóò wẹ̀ ẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ṣàkírù.